Bí A Ṣe Ń Wá Iye Tí Ó Fara Pamọ́

Ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ sì ti mọ nọ́ńbà kọ. Ẹ ti kọ́ àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín. Nínú ẹ̀kọ́ òní, a óò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú sí i. A óò kọ́ bí a ti ń fi ohun tí a mọ̀ wá ohun tí a kò mọ̀. Áljẹ́bírà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe irú ìṣirò yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Ẹni tí ó bá ti ra ọjà àwìn rí, ó ti mọ ìdajì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo ní àṣìṣe kan láti jẹ́wọ́.

1. Àṣìṣe tí mo ṣe

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé a kò lè yọ 5 kúrò nínú 3. "Kò ṣeé ṣe," ni mo máa ń wí. Ní ọjọ́ kan, mo kọ 3 − 5 sí ojú pátákó láti fi dán wọn wò. Ọmọ kan kọ 2 sínú ìwé rẹ̀, ó sì fa ìlà kékeré kan sí iwájú 2 náà. Mo fún un ní òdo. Mo ní kí ó lọ jókòó. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Mo fi ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo tún sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní kíláàsì àwọn àgbà. Ìyá kan tí ń ta gàrí na ọwọ́ sókè. Ó ní:

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Bí mo bá mú ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ sí ọjà, tí ohun tí mo fẹ́ rà sì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ṣé wọn kò ní tà á fún mi ni? Wọn á tà á. Màá san ọ̀ọ́dúnrún, màá jẹ igba. Ó ṣeé ṣe o. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rántí ọmọ yẹn, inú mi kò sì dùn mọ́. Ọmọ náà ló gbà á. Èmi tí mo fún un ní òdo ni mo kùnà.

2. Nọ́ńbà gbèsè

Ohun tí ìyá onígàrí sọ, báyìí ni a ṣe ń kọ ọ́:

300 − 500 = −200

Ìlà kékeré tí ó wà níwájú 200 yẹn ń sọ fún wa pé owó yìí kò sí lọ́wọ́. A jẹ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní nọ́ńbà gbèsè. Òdo, èyí tí a ń kọ báyìí, 0, ni ọwọ́ òfo: kò sí owó, kò sì sí gbèsè. Ẹni tí ó ní 200 wà lókè òdo. Ẹni tí ó jẹ 200 wà nísàlẹ̀ òdo. Bí gbèsè bá ṣe ń pọ̀ sí i ni a ṣe ń jìnnà sí òdo sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà −500 kéré ju −200 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 500 pọ̀ ju 200 lọ. Nọ́ńbà òkè òdo tí kò ní ìdá nínú, nọ́ńbà gbèsè irú wọn, àti òdo fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ni a ń pè ní nọ́ńbà odindi.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 628, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Íńdíà kan tí ń jẹ́ Brahmagupta kọ òfin ìṣirò irú nọ́ńbà wọ̀nyí sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ méjì tí ó lò ni ọrọ̀ àti gbèsè, gẹ́gẹ́ bí ìyá onígàrí ti lò wọ́n.

Àwa Yorùbá pàápàá, ẹ fetí sí bí a ti ń kà. Kí ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ogún ni, ó dín márùn-ún. Kí ni mọ́kàndínlógún? Ogún ni, ó dín ẹyọ kan. Kí ni márùndínláàádọ́ta, tí í ṣe 45? Àádọ́ta ni, ó dín márùn-ún. Àádọ́ta náà ńkọ́? Ọgọ́ta ni, ó dín mẹ́wàá. Ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá pe márùndínláàádọ́ta, ohun tí ẹ ń sọ ni èyí:

20 × 3 − 10 − 5 = 45

Àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ohun tí ó dín náà ní iye, a sì lè kà á mọ́ ohun tí ó wà.

Ẹ wo bí a ti ń fi nọ́ńbà gbèsè ṣe ìṣirò.

(a) Ẹ ní 500, ẹ sì jẹ 200. Bí ẹ bá san gbèsè náà, yóò ku 300.
500 + (−200) = 300

(b) Ẹ jẹ ẹnì kan ní 200, ẹ tún jẹ ẹlòmíràn ní 300. Gbèsè méjì di ọ̀kan ńlá.
−200 + (−300) = −500

(d) Ẹ jẹ 500, ẹ sì san 200 nínú rẹ̀.
−500 + 200 = −300

(e) Ẹ jẹ 500. Olówó ṣàánú yín, ó ní, "Mo fi igba jì yín nínú rẹ̀." Ó yọ gbèsè 200 kúrò.
−500 − (−200) = −300

Ẹ wo (d) àti (e) dáadáa. Ìdáhùn kan náà ni. Bóyá ẹ san 200 ni o, bóyá wọ́n fi 200 jì yín ni o, ibì kan náà ni ẹ dé. Ìdí nìyí tí àwọn olùkọ́ fi ń wí pé bí a bá yọ nọ́ńbà gbèsè kúrò, àròpọ̀ ni ó ń dà. Ẹ má ṣe há a sórí lásán. Ẹ ṣáà rántí pé yíyọ gbèsè kúrò, èrè ni.

Ìsọdipúpọ̀ náà kò le. Bí ẹ bá ra ọjà àwìn 200 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gbèsè 600 ni:

3 × (−200) = −600

Ká ní wọ́n ṣèèṣì kọ gbèsè 200 mọ́ yín lọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí wọ́n sì wá pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Yíyọ tí a yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni a ń kọ ní −3. Èrè yín jẹ́ 600:

(−3) × (−200) = 600

3. Òṣùwọ̀n tí ó dọ́gba

Ẹ fojú inú wo òṣùwọ̀n alápá méjì. Àpò kan tí a dì lẹ́nu àti òkúta 5 wà ní apá ọ̀tún. Òkúta 12 wà ní apá òsì. Òṣùwọ̀n náà dúró ṣinṣin, kò tẹ̀ sí ibì kan. Òkúta mélòó ni ó wúwo tó àpò yẹn?

Ẹ kò ní láti tú àpò náà. Ẹ mú òkúta 5 kúrò ní apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú un kúrò ní apá kan ṣoṣo, òṣùwọ̀n yóò tẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú 5 kúrò ní apá òsì pẹ̀lú. Àpò nìkan ni ó kù ní ọ̀tún, òkúta 7 ni ó kù ní òsì. Ìdáhùn ti dé: àpò náà wúwo tó òkúta 7.

Lórí ìwé, lẹ́tà ni a fi ń dúró fún àpò tí a dì lẹ́nu. Lẹ́tà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn jù ni x. Ó dára fún àwa Yorùbá, nítorí kò sí nínú A B D wa, kò sì lè dàrú mọ́ ọ̀rọ̀ kankan. A óò kọ ọ́ báyìí:

x + 5 = 12
x = 12 − 5
x = 7

Àmì = yẹn ni ọ̀pá òṣùwọ̀n wa. Robert Recorde, ọmọ ilẹ̀ Wales, ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní ọdún 1557. Ìlà méjì tí wọ́n gùn bákan náà ni ó yàn, nítorí ó ní kò sí ohun méjì tí ó lè dọ́gba jù wọ́n lọ. Áljẹ́bírà fúnra rẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 820, ọ̀mọ̀wé kan tí à ń pè ní al-Khwarizmi kọ ìwé kan ní èdè Lárúbáwá ní ìlú Baghdad. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú orúkọ ìwé náà: al-jabr. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni dídá nǹkan padà sí ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni àwọn Lárúbáwá ń lò fún títo eegun tí ó ṣẹ́. Láti inú al-jabr ni orúkọ náà, áljẹ́bírà, ti jáde.

Òfin kan ṣoṣo ni ẹ ní láti pa mọ́: ohun tí ẹ bá ṣe sí apá kan, ẹ ṣe é sí apá kejì. Bí wọ́n bá ti ro nǹkan mọ́ x, ẹ yọ ọ́. Bí wọ́n bá ti yọ nǹkan kúrò, ẹ rò ó padà. Bí wọ́n bá ti sọ x di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ pín in sí mẹ́rin.

4. Ọ̀rọ̀ ìyá onígàrí

Ẹ̀yin lè wí pé, "Tíṣà, kí ni èyí wúlò fún?" Ẹ gbọ́.

Ìyá onígàrí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àpò gàrí 4 ní àwìn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ń kó gàrí wá láti oko. Ó san ₦30,000 nínú owó náà. Nígbà tí oṣù parí, ọmọ ọkùnrin náà wá sí ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, bàbá mi ní ó ku ₦50,000." Ọmọ náà kò sọ iye tí wọ́n ṣírò àpò kọ̀ọ̀kan sí. Iye tí ó kù nìkan ni ó sọ. Ara ìyá náà kò balẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́. Ó fẹ́ lọ yá owó láti san án. Kí ó tó lọ, ó mú ọ̀rọ̀ náà wá sí kíláàsì.

A kọ ọ́ sí ojú pátákó. Owó tí ó san ni 30,000. Gbèsè àpò 4 ni a yọ kúrò nínú rẹ̀. A kò mọ iye àpò kan, nítorí náà a pè é ní x. Àpò 4 jẹ́ 4x. Ohun tí wọ́n ní ó kù jẹ́ gbèsè 50,000. Nítorí náà:

30,000 − 4x = −50,000

Kí á kọ́kọ́ yọ 30,000 kúrò ní apá méjèèjì. Èyí ni pé, ká ní ìyá kò tíì san kọ́bọ̀, èló ni ìbá jẹ́ gbèsè rẹ̀?

−4x = −50,000 − 30,000
−4x = −80,000

Gbèsè àpò 4 jẹ́ gbèsè 80,000. Kí á wá fi −4 pín apá méjèèjì:

x = 20,000

Ṣé ó tọ́? A dá a padà sí àyè rẹ̀ láti wò ó. 4 × 20,000 jẹ́ 80,000. 30,000 − 80,000 jẹ́ −50,000. Ó dọ́gba.

Ìyá náà pariwo. Ó ṣí ìwé tí ó fi ń kọ́ nọ́ńbà kọ ní kíláàsì wa. Lára ohun tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni èyí: àpò gàrí 4, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦18,000. Ọjọ́ tí ó gba ọjà náà ni ó kọ ọ́. A tún un ṣe:

30,000 − 4 × 18,000 = 30,000 − 72,000 = −42,000

₦42,000 ni ó jẹ, kì í ṣe ₦50,000. ₦8,000 ti fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ "ó ku".

Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá ọkùnrin náà. Kò bá a jà. Ó tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà pe ọmọ rẹ̀, wọ́n ṣí ìwé tiwọn. Ó wá hàn pé owó gàrí ti gbówó lórí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ náà sì fi iye tuntun ṣírò ọjà àtijọ́. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ." Ó fa ìlà sórí gbèsè ₦8,000:

−50,000 − (−8,000) = −42,000

Wọ́n ń bá ara wọn ṣòwò lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kì í sọ iye tí ó kù fún ìyá onígàrí láìsọ iye àpò.

5. Ìdá àti ìdoríkodò

Nígbà míràn, ìdá nǹkan ni a mọ̀, a kò mọ odindi rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń bá olóko tọ́jú oko kòkó. Àdéhùn wọn ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta kòkó náà jẹ́ tirẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta jẹ́ ti olóko. Olóko gba àpò 14. Mélòó ni gbogbo kòkó náà?

2/3 × x = 14

Ẹ jẹ́ kí á rò ó pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀. Bí ìdá méjì bá jẹ́ 14, ìdá kan jẹ́ 14 tí a pín sí 2, ìyẹn 7. Odindi jẹ́ ìdá mẹ́ta. 7 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 21. Gbogbo kòkó náà jẹ́ àpò 21. Ti olùtọ́jú jẹ́ 7.

Kí ni a ṣe? A fi 2 pín in, a sì fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn ni pé a dorí 2/3 kodò, ó di 3/2, a sì fi sọ 14 di púpọ̀:

x = 14 × 3/2 = 21

Nọ́ńbà tí a dorí rẹ̀ kodò báyìí, ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní ìdoríkodò. Bí a bá fi nọ́ńbà kan sọ ìdoríkodò rẹ̀ di púpọ̀, 1 ni a óò rí nígbà gbogbo: 2/3 × 3/2 = 1. Odindi nọ́ńbà náà ní tirẹ̀. Ìdoríkodò 4 ni 1/4. Nítorí náà, kí á pín 80,000 sí ọ̀nà 4, àti kí á mú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ọ̀kan náà ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n ń fi ìdoríkodò pe gbèsè. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. 4 àti −4, bí a bá rò wọ́n pọ̀, wọ́n di 0. 4 àti 1/4, bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, wọ́n di 1. Bí ẹ bá dorí nọ́ńbà gbèsè kodò, gbèsè náà ni yóò ṣì jẹ́: ìdoríkodò −4 ni −1/4. Òdo nìkan ni kò ní ìdoríkodò, nítorí kò sí nọ́ńbà tí a lè fi sọ òdo di púpọ̀ kí ó di 1.

6. Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù ọwọ́ yín mọ ìṣirò. Yóò sọ fún yín pé 80,000 tí a pín sí 4 jẹ́ 20,000. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún yín pé kí ẹ pín in. Ẹ̀yin ni ẹ óò mọ ohun tí ẹ ń wá. Nítorí náà, ẹ máa kọ iye ọjà sílẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ iye tí ó kù fún yín, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi dé ibẹ̀. Bí wọn kò bá sọ, ẹ fi x dúró fún un, kí ẹ sì wá a rí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má ṣe kánjú fo ìpele kankan.

Ọmọ tí mo fún ní òdo ti dàgbà nísinsìnyí. N kò mọ ibi tí ó wà. Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó mọ̀ pé mo ti pa òdo náà rẹ́. Ìdáhùn rẹ̀ tọ́.

Ìbéèrè

1. Ẹ ní ₦700. Ẹ ra ọjà ₦1,000. Ẹ san gbogbo ohun tí ẹ ní. Kí ni ó kù? 700 − 1,000 = ?
2. Ẹ jẹ ₦400. Olówó fi ₦150 jì yín. −400 − (−150) = ?
3. x + 9 = 4. Kí ni x?
4. Ẹ ta ìṣù 3 ní iye kan náà. Ẹ yọ ₦600 owó ọkọ̀ kúrò, ó ku ₦900. 3x − 600 = 900. Èló ni ẹ ta ìṣù kan?
5. A ti kọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ebè oko kan. Ebè 120 ni. 3/4 × x = 120. Ebè mélòó ni gbogbo oko náà yóò jẹ́?
6. 200 − 5x = −800. Kí ni x?

Ìdáhùn

Ẹ má ṣe wo ibí yìí kí ẹ tó ṣe é tán. (1) −300, gbèsè ₦300. (2) −250. (3) −5. (4) ₦500. (5) Ebè 160. (6) 200.

Bí ìdáhùn yín kò bá bá tiwa mu, ẹ dá a padà sí àyè x, kí ẹ wò ó bóyá apá méjèèjì dọ́gba. Òṣùwọ̀n náà ni yóò dá ẹjọ́.